Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Bàbá Ọkọ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n bí iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ àwọn obìnrin ilé wa ni, ẹ bi í pé èwo nínú wọn. Ní tèmi o, kò sí ohun tí wọ́n bí mọ́ mi ju ẹnu lọ. Ẹnu yìí ló mú mi dé ilé ọkọ, òun kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Télọ̀ ni bàbá mi ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú. Wọn kì í rán bùbá àti yẹ̀rì. Ọnà ọrùn agbádá ni iṣẹ́ tiwọn, abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ lásán, láìsí ẹ̀rọ. Òwú tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀, òwú sílíkì tó ń dán, pupa, funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, wọn kì í jù ú nù. Wọn á ká a mọ́ páálí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọn á so orí fọ́nrán mẹ́rin mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, wọn á na ẹsẹ̀ náà síwájú, wọn á sì máa dì í bí ẹni ń dirun. Okùn tó ń ti ọwọ́ wọn jáde máa ń rí roboto, ó máa ń le, ó sì lẹ́wà débi pé ó ń ṣe èèyàn bíi kó fi sẹ́nu. Òun la fi ń so kọ́kọ́rọ́, òun la fi ń fa ṣòkòtò, òun náà ló wà lára àpò tí mo máa ń gbé kọ́ èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa bi wọ́n pé irun ta ni wọ́n ń dì. Bàbá mi á ní irun ìyá ẹni tó béèrè ni.

Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta la wà nílé. Àwọn méjì yòókù mọ okùn dì. Èmi, tí mo bá jókòó tì í díẹ̀, inú á ti bí mi, fọ́nrán kan á ti já, n ó ti dìde. Irun gan-an, n kò mọ̀ ọ́n dì. Ọmọ àdúgbò kan ṣoṣo ló gbé orí fún mi rí, ìyá rẹ̀ ló sì tú u kó tó dalẹ́, tó ń bi gbogbo ilé pé ṣé ìjà ni ọmọ òun jà. Búrẹ́dì ni mo ń tà ní gáréèjì, ẹnu sì ni iṣẹ́ búrẹ́dì, mo sì rí jẹ nídìí ẹ̀ dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé káfíńtà kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó wá bá wọn kan òrùlé ilé ìwé kan ní Ìkòròdú. Èyí á jẹ́ nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ṣáájú òmìnira. Ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi títí ó fi sanra. Nígbà tí òrùlé parí tí búrẹ́dì kò parí, ó ní òun fẹ́ mú mi lọ han àwọn òbí òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ó lè yé yín. Ìyá rẹ̀ ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn fún un, ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ kan tó mọ ẹja yan débi pé àwọn oníbàárà máa ń dúró dè é. Bí wọn kò bá fẹ́ràn mi, wọn kò ní ránṣẹ́ sí ilé wa, kò sì ní sí ìdána. Káfíńtà yìí kì í ṣe ẹni tó lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Èmi sì fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi búrẹ́dì pa mọ́ fún un. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ìfẹ́ nìyẹn.

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo dé sọ́dọ̀ ìbátan ìyá mi kan, èmi àti káfíńtà sì kọjá lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀ nítorí eékún tó ń dùn wọ́n. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo, òórùn èéfín sì wà lára aṣọ wọn, òórùn tó dáa. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹja yan?"

"Rárá, ìyá."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n là, kí inú rẹ̀ má tú?"

"Rárá, ìyá."

"Agbọ̀n ńkọ́? O lè hun agbọ̀n?"

"Rárá, ìyá."

Káfíńtà ń wo àjà. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ojú wọn sì bọ́ sórí àpò mi. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra okùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹja wò. Wọ́n ní, "Ta ló di eléyìí?"

Ẹ gbọ́, ẹnu kan náà ni mo ti fi sọ rárá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin kò lè ti ẹnu mi jáde mọ́. Mo ní, "Èmi ni, ìyá."

Ojú wọn là. Wọ́n pe ọkọ wọn, tó ń múra àtijáde. Bàbá náà ga, wọ́n sì ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ọjà kiri ọ̀sà. Wọn kì í jókòó. Àfi tí wọ́n bá ń jẹun, bí wọ́n bá sì ń jẹun náà, aago àpò wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Aago fàdákà tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n òwú àwọ̀n ni wọ́n fi so ó kọ́ ọrùn, òwú àwọ̀n tó ti dúdú, tó ń rùn bí inú ọkọ̀.

Ìyá ní, "Ẹ wò ó. Ọdún wo ni mo ti ń sọ̀rọ̀ okùn aago yín yìí?" Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọjọ́ kẹsàn-án òní, tí o bá padà wá, wàá mú òwú dání. Wàá dì í fún bàbá níhìn-ín, lójú mi. Mo fẹ́ mọ bí o ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, a ó mọ ohun tí a ó sọ fún àwọn èèyàn rẹ."

Mo dúpẹ́. Mo jáde. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, káfíńtà ń rẹ́rìn-ín títí dé etí. Ó ní, "N kò mọ̀ pé ìwọ lo di okùn yẹn." Mo ní ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò mọ̀.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, mo kúnlẹ̀ ti bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"O ní ta ló dì í?"

"Èmi, Bàbá."

"Ìwọ wo?"

"Èmi yìí náà."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wò mí padà láti ẹsẹ̀ dé orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹnu rẹ lo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ lo máa fi parí rẹ̀." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi dì í dé ìdajì, kí n máa mú un lọ bíi pé mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí èké. Mo mọ̀ pé inú bí wọn. Mo sì mọ̀ pé inú wọn dùn díẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sọ fún pé wọ́n ti ń fi okùn àwọn fẹ́ ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo so òwú mọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Kí n sọ òtítọ́, tí ọkàn mi kò bá balẹ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n, mi ò lè dá a dúró. Òwú ń jó, ọwọ́ mi ń lé e. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní kí n mú un kúrò. Wọ́n so ó mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tiwọn, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi, wọ́n sì ń kó ọnà tiwọn lọ lókè. Tí mo bá ti fa òwú jù, àtàǹpàkò náà á tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Tí mo bá jẹ́ kó dẹ̀, á padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn ló ń kọ́ mi, ẹnu wọn ló ń bú mi.

Ọ̀nà tí fọ́nrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà kọjá ara wọn kò wọ̀ mí lórí. Mo ń da pupa pọ̀ mọ́ funfun. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Gbọ́. Pupa tó wà lápá òsì yìí, ìyá ọkọ rẹ ni. Funfun tó tẹ̀ lé e, bàbá ọkọ rẹ. Àwọ̀ ewé, ọkọ rẹ. Àwọ̀ ìyeyè tó wà ní ìkángun lápá ọ̀tún, ìwọ ni. Ìwọ tó ò jẹ́ kí n sinmi. Máa kà á tẹ̀ lé mi."

Ohun tí mo kà nìyí, mo sì ṣì lè kà á títí di òní: "Ìyàwó gba abẹ́ ọkọ, ó gba abẹ́ bàbá ọkọ, ó padà gba orí bàbá ọkọ. Ìyá ọkọ gba abẹ́ bàbá, ó gba abẹ́ ìyàwó, ó padà gba orí ìyàwó. Ọkọ gba abẹ́ ìyàwó, ó gba abẹ́ ìyá rẹ̀, ó padà gba orí ìyá rẹ̀. Bàbá gba abẹ́ ìyá, ó gba abẹ́ ọmọ, ó padà gba orí ọmọ." Tí o bá ti kà á tán, kálukú á ti padà sí ipò rẹ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyàwó.

Bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọwọ́ mi kì í rìn tí ẹnu mi kò bá ṣáájú. Mo kà á nídìí búrẹ́dì, mo kà á nínú balùwẹ̀. Àwọn àbúrò mi ń kà á tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi jó. Ní ọjọ́ keje mo di okùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Ọkùnrin Ìgbògbò kan tó gbé agbádá wá ń bi bàbá mi pé kí ló dé tí ọnà ọrùn aṣọ òun kò tíì parí. Wọ́n ní òwú rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Ohun tí èmi àti bàbá mi kò rántí rárá, àfi ìgbà tí ó ti pẹ́ jù, ni pé láti ọjọ́ kìíní yẹn, n kò tún fi òwú kan ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Mo dé Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú òwú mẹ́rin tí bàbá mi wọ̀n fún mi, kò lé, kò dín. Wọ́n ti kírun Àílà tán nígbà tí mo wọlé. Ìyá jókòó sórí àpótí wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń wo aago. Wọ́n kàn ń dúró kí wọ́n lè sọ pé àwọn rí i ni, kí wọ́n máa lọ. Káfíńtà fara ti ògiri, ó ń fi ojú yangàn.

Mo jókòó, mo so òwú mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ wo ni n ó wá fi dì í? Mo jókòó lé e. Ta ló ń di òwú lábẹ́ ìdí? Ìyá ọkọ mi tẹ orí síwájú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ṣé ìṣó wà nílé?"

Káfíńtà ti sáré kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé òòlù dé, ó kan ìṣó mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní, "Ògiri mi." Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo so òwú mọ́ ìṣó. Ṣùgbọ́n ìṣó kò mọ nǹkan kan. Bí mo ṣe ń fà á, kò tẹ̀ wá, kò padà, ó kàn dúró. Níbi tí mo ti ń dúró kí ó tẹ̀ wá, mo fà á jù, àwọ̀ ìyeyè sì já. Èmi gan-an ni mo já yẹn.

Mo ta á ní kókó. Tí ó bá tún já lẹ́ẹ̀kan sí i, okùn aago kò ní gùn tó ọrùn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rí i tí ìyá ọkọ mi wo ọmọ wọn, ìwò ẹni tó fẹ́ sọ pé, "Ṣé o rí i?" Mo sì rí ọmọbìnrin tó mọ ẹja yan yẹn lójú ọkàn mi, ó ti di ẹrù, ó ti ń wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu mi ló dá a ṣe. Mo ní, "Ẹsẹ̀ èèyàn ló dáa jù."

Káfíńtà ti ń bọ́ bàtà. Ìyá rẹ̀ ní, "Wọ bàtà rẹ. Ẹ ò tíì fẹ́ra yín." Ó wọ̀ ọ́ padà. Eékún ìyá kò sì lè nà tán. Àwa mẹ́rin péré la wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo yíjú díẹ̀díẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá ọkọ mi, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín sílẹ̀."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí lónìí, tí ẹ ń bá bàbá ọkọ yín jẹun lórí tábìlì kan náà, kò lè yé yín. Nígbà náà, ìyàwó kì í wo bàbá ọkọ lójú. Èmi tí wọn kò tíì gbé ní ìyàwó ni mo ń tọrọ ẹsẹ̀ wọn láti fi òwú so. Káfíńtà fi ọwọ́ bo ojú. Bàbá wo aago. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìyàwó wọn. Ìyá ní, "Ẹsẹ̀ yín ni ó ń tọrọ. Kò ní kí ẹ gbé e fún òun."

Bàbá bọ́ bàtà kan, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi.

Ẹsẹ̀ gígùn tó mọ́, èékánná rẹ̀ nípọn bí ìpẹ́ ẹja ńlá. Mo so òwú mọ́ ọn. Àtàǹpàkò náà kọ́kọ́ le gbagidi, bíi ìṣó. Mo ń fà á jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn díẹ̀, bóyá ó ń rìn wọ́n ni o, ó tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo dẹ̀ ẹ́, ó padà. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo gbàgbé ibi tí mo wà, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó gba abẹ́ ọkọ, ó gba abẹ́ bàbá ọkọ, ó padà gba orí bàbá ọkọ…"

Mo ti kà á yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kí n tó gbọ́ pé ilé ti dákẹ́ jù.

Bàbá ní, "Ta ló gba orí ta?"

Ẹnu mi dúró. N kò lè sá. Òwú wà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ wọn wà lẹ́nu òwú. Mo ní, "Òwú ni, Bàbá. Àwọ̀ ìyeyè ni ìyàwó."

"Funfun ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ìwọ ni o sì ń gba orí mi kọjá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Bàbá. Lẹ́yìn tí mo bá ti gba abẹ́ yín."

Ìyá ọkọ mi ní kí n ka èyí tó kan ìyá. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ọkọ ti padà gba orí ìyàwó, wọ́n ní, "Èyí tọ̀nà." Mo ka ti ọkọ tó gba orí ìyá rẹ̀. Wọ́n wo káfíńtà pẹ́. Ó ní, "Òwú ni, ìyá."

Bàbá wá béèrè, ohùn wọn kò ga, "Ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan yìí?"

Kí n sọ fún yín, mo lè purọ́ níbẹ̀. Irọ́ ti wà lórí ahọ́n, ó ti wọ bàtà. Ṣùgbọ́n mo di ẹsẹ̀ àgbàlagbà mú, kò sì rọrùn láti máa purọ́ fún ẹni tí èèyàn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá mi ni. Àwọn ló di okùn àpò yẹn. N kò mọ nǹkan kan dì nígbà yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí ni mo fi kọ́ ọ, ẹsẹ̀ wọn ni mo sì fi kọ́ ọ." Omijé ti dé. Ọwọ́ mi kò dúró, ó ṣáà ń dì í lọ, ó ti sọnù lójú ọ̀nà, pupa ti ń gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Ìyá ọkọ mi ní, "Nígbà tí o ní ìwọ lo dì í, irọ́ ni?"

"Irọ́ ni, ìyá."

"Nígbà tí o ní o kò mọ ẹja yan?"

"Òótọ́ ni, ìyá."

Wọ́n ro ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbá dáa ká ní o yí méjèèjì padà." Ẹ̀rín wá gbé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di eékún wọn mú. Èmi ń sunkún, káfíńtà kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe nínú méjèèjì.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Máa parí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti ń kú."

Mo tú ibi tí mo lè tú, èyí tí n kò lè tú, mo fi í sílẹ̀. Mo ń dì í lọ. Àwọn èèyàn wọlé wá rí bàbá. Wọ́n bá wọn nínú ẹ̀wọ̀n òwú, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọmọge kan níwájú wọn tó ń sọ̀rọ̀ àna àti ìyàwó. Bàbá dá gbogbo wọn lóhùn bíi pé bí àwọn ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n ní etí omi. Wọ́n ní kó máa dúró.

Ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pe ìrun Alásárì. Okùn kù díẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́rin báyìí. Mo gbé ojú sókè. Bàbá wo aago wọn. Ìyá wo bàbá. Bàbá ní, "Parí rẹ̀. N ó kí i nílé."

Mo parí rẹ̀, mo fi wajawaja sí ìdí rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ náà kọ̀, ó ti kú pátápátá. Èmi lápá òsì, káfíńtà lápá ọ̀tún, la gbé wọn dé ìdí omi àlùwàlá. Ìyá ọkọ mi jókòó, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni pàtó, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mo ti se ọbẹ̀, mo ti sunkún, mo ti ṣàìsàn. N kò rí i kí bàbá yìí jókòó tì mí láti Àílà dé Alásárì rí." Wọ́n wá pè mí. "Ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn rẹ máa ń wà nílé?"

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí ilé wa nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìdána, bàbá mi rí okùn náà lọ́rùn àna wọn. Wọn kò lè mú ara dúró; wọ́n tọrọ àyè, wọ́n fi ìka ra á. Nígbà tí wọ́n dé àárín, níbi tí pupa ti ṣìnà, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ibí yìí?" Bàbá ọkọ mi ní, "Ibẹ̀ ló ti sọ òótọ́." Mo rí i pé inú bàbá mi dùn sí mi, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Mo kọ́ ẹja yíyan. Mo jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Okùn dídì ní tirẹ̀, n kò fi ẹsẹ̀ ara mi dì í títí di òní, ìyá ọkọ mi kò sì fẹ́ kí n kọ́ ọ. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí i pé ọkọ wọn ń wá bàtà lẹ́yìn ìrun Àílà, wọn á ké sí mi láti inú ilé: "Ìyàwó, ṣé òwú ti tán nílé yìí ni?" Bàbá á kùn, wọn á ní àwọn ní iṣẹ́, wọn á wo aago. Lẹ́yìn náà wọn á jókòó, wọn á na ẹsẹ̀. Ìyá á gbé àpótí wọn sún mọ́ ọn, wọn á sì máa sọ ọ̀rọ̀ ọjà fún wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́. Okùn tí a dì nígbà náà tó láti fa gbogbo ṣòkòtò Ẹ̀pẹ́.

Ọdún kẹrin tí mo wọlé, àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Ó gba ìrìn, ó wá dín ọ̀rọ̀ kù, lẹ́yìn náà ó gba ìrántí. Wọ́n ń fi orúkọ arákùnrin wọn tó ti kú pe káfíńtà. Wọ́n bi ìyá pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ìyá dáhùn, wọ́n sọ ọmọ ẹni tí àwọn jẹ́, wọ́n sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, mo gbé omi wọlé fún wọn. Ìyá wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bàbá wò mí. N kò rò pé wọ́n mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo rí i tí aṣọ ìbora ń mira ní ìsàlẹ̀, ó ń mira díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì yọ jáde. Wọ́n nà án sí mi.

Kò sí òwú lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo tú etí gèlè mi, mo fa fọ́nrán mẹ́rin yọ, mo so ó mọ́ àtàǹpàkò wọn. Aláwọ̀ kan ni gbogbo wọn, n kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ìyá ọkọ mọ́. Mo ṣáà bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe fà á, àtàǹpàkò náà tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ìyá ọkọ mi gbé àpótí wọn sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́, má tètè parí rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀n, ìyá," mo sì ń dì í jẹ́jẹ́.